Ẹnu Tí Zipporah Yá Àdíját

Àwọn èèyàn á ní òru ni òkú máa ń yọ aráyé lẹ́nu. Irọ́ gbuu ni. Ti Zipporah, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni, nígbà tí oòrùn ti là, tí àwọn ọmọ ti kọrin wọ kíláàsì, tí kò sí ohun tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù mọ́. Olórí ilé-ìwé ni ní Àgọ́-Ìwòyè, òun náà ló sì ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Yóò ṣí rẹ́jísítà sórí tábìlì, yóò máa pe orúkọ, àwọn ọmọ á máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Tó bá pe ẹni ìkẹyìn tán, tó ti fẹ́ pa ìwé dé, ohùn kan á tún dáhùn láti ẹ̀yìn kíláàsì.

"Prẹ́sẹ́ǹtì, mà."

Ohùn ọmọbìnrin tó ti tó ọkọ fẹ́ ni, kì í ṣe ti ọmọdé, ó sì máa ń dà bíi pé ẹ̀rín fẹ́ pa á níparí ọ̀rọ̀. Zipporah mọ ohùn náà bó ṣe mọ ohùn ìyá tó bí i. Ohùn Àdíját ni. Àdíját sì ti kú láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Kò ké rí. Kí ló fẹ́ ké fún? Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wò ó, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gbọ́ nǹkan kan. Yóò mú ṣọ́ọ̀kì, yóò ní kí wọ́n ṣí ìwé ìṣirò. Ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ń lọ. Wòlíì ní kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ó gbà á. Lọ́jọ́ keje, wòlíì tẹjú mọ́ ọn títí, ó ní, "Sísítà Olúsànyà, ọmọbìnrin kan ń dúró lẹ́yìn yín. Aṣọ ara rẹ̀ tutù. Ó ní ẹ mọ ohun tí òun ń wá." Zipporah ní òun ò mọ̀ ọ́n rí o. Irọ́ ló pa, tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn, nínú ilé Ọlọ́run.

Kí ẹ má wulẹ̀ rò pé èèyàn burúkú ni o. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá ti fi í sílẹ̀ kí n máa bá tèmi lọ. Èèyàn dáadáa ni, ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nígbà náà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níwèé kí wọ́n lè di tíṣà. Àwọn mẹ́rìnlélógún ni wọ́n jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́. Zipporah àti Àdíját ni wọ́n fi sí yàrá kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn méjì péré. Bàbá Zipporah ni Zechariah, káfíńtà ọmọ Ìjọ Aládùúrà. Àdíját ní tirẹ̀, ọmọ Òrù ni, Mùsùlùmí ni wọ́n. Bàbá rẹ̀, Mùbàṣírù, ti kú, ìyá rẹ̀, Asimawu, ló ń fi òwò obì tọ́ ọ. Tí Àdíját bá kí ìrun tán, Zipporah á gbàdúrà tirẹ̀, wọ́n á wá jọ rẹ gàrí sínú ife kan ṣoṣo. Àdíját mọ bí a ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ó lè rìn bíi Míìsì Ọláfẹ́mi tó jẹ́ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì, tòun ti ìdí tí kì í yí sọ́tùn-ún tí kì í yí sósì, gbogbo yàrá á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú wọn.

Míìsì Ọláfẹ́mi yìí ní ìwà kan. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́, yóò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú rẹ́jísítà, àwọn ọmọ á tò sí ìsàlẹ̀, yóò sì máa pe orúkọ. Ẹni tó bá dáhùn, yóò fa ìlà sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, yóò kọ òdo. Ṣùgbọ́n kì í gbé ojú sókè. Ìwé ló ń wò, etí ló fi ń rí èèyàn. Àwọn ọmọ náà kò pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá yọ́ jáde lọ ra ẹ̀kọ, tàbí tó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìgboro, á ti bẹ ẹnì kan sílẹ̀: "Jọ̀ọ́, yá mi lẹ́nu ẹ." Ẹni yẹn á dáhùn lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú ohùn méjì. Kò sí ẹni tí kò yá ẹlòmíràn lẹ́nu rí nínú wọn, títí kan àwọn tó ń ka Bíbélì tọ̀sán tòru.

Ní ọdún 1953, nígbà tí ìdánwò àṣekágbá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ránṣẹ́ sí Àdíját pé ìyá ìyá rẹ̀ tó wà ní Efire, létí ọ̀sà, kò lè dìde mọ́, orúkọ rẹ̀ ló ń pè. Àdíját lọ tọrọ àyè. Míìsì Ọláfẹ́mi ní rárá, ìdánwò ti dé. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, lọ́rì kan tó kó pákó ń lọ sí Wọ́tásáìdì, agbègbè etí ọ̀sà náà, Àdíját di ìborùn mọ́rí, ó ní, "Zípò, yá mi lẹ́nu ẹ lónìí. Kí wọ́n tó pe orúkọ lọ́la, mo ti dé."

Zipporah ní, "Tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Ọwọ́ ta ni? Obìnrin tí kì í gbójú sókè?" Ó rìn bíi Míìsì Ọláfẹ́mi dé ẹnu ọ̀nà, ó sì lọ.

Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe Àdíját Mùbàṣírù. Zipporah sín ohùn rẹ̀ jẹ, ó fi ẹ̀rín díẹ̀ sí ìparí rẹ̀ bí Àdíját ṣe máa ń ṣe, ó ní, "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà." Míìsì Ọláfẹ́mi fa ìlà. Inú Zipporah, tó tò sẹ́yìn, tilẹ̀ dùn pé òun sín in jẹ dáadáa débi pé àwọn tó wà níwájú òun kò fura.

Ìrọ̀lẹ́ yẹn náà ni ìjì dojú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé Àdíját lọ sí Efire dé. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà wẹ̀ jáde, ẹ̀rù bà á, ó sá, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ títí di òní. Àwọn apẹja ló rí Àdíját láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ìyá àgbà tó ń lọ wò ti dákẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣú, ọmọ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí ìlà kékeré dá sílẹ̀. Wọ́n ṣí rẹ́jísítà, wọ́n rí i pé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Àdíját wà nínú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, òkú rẹ̀ wà ní Efire. Wọ́n ní ó kàn fi ìyá àgbà ṣe àwáwí ni, torí kò sí lọ́rì tí í na ọ̀nà yẹn lóru. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nìkan ló lè gbé e débẹ̀, ta ló sì ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bí kò ṣe ọkùnrin olówó? Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo Òrù ti mọ̀ pé ọmọ Asimawu yọ́ tẹ̀lé ọkùnrin lóru. Àwọn kan tilẹ̀ ti mọ àwọ̀ ọkọ̀ náà. Ẹnu èèyàn kúkú nìyẹn.

Míìsì Ọláfẹ́mi pe Zipporah sí ọ́fíìsì. "Ṣé Àdíját wà lórí ìlà nígbà tí mo pe orúkọ?"

Zipporah rántí bàbá rẹ̀, Zechariah, tó ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń kan àga lọ́dọ̀ rẹ̀ pé tíṣà lọmọ òun fẹ́ dà. Ó rántí ìdánwò. Ó mọ̀ pé ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n máa lé òun. Ó ní, "Ó wà ńbẹ̀, mà."

"Ìgbà wo ló wá jáde?"

"Mi ò mọ̀, mà. Mo ti sùn."

Ó ṣe ìdánwò, ó yege. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé, tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ń wá tíṣà bí ẹni ń wá omi, wọ́n mú un, wọ́n sì gbé e ga kíákíá. Ọdún tó kọ́kọ́ gba kíláàsì ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní tirẹ̀ dá àṣà kan sílẹ̀. Lọ́dọọdún, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde bá pé jọ, Míìsì Ọláfẹ́mi á gbé rẹ́jísítà àtijọ́ jáde, á pe orúkọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń pè é ní ìrọ̀lẹ́. Tó bá kan ẹni tó ti kú, ẹni tó bá a sun yàrá kan náà ni yóò dìde, tí yóò sì bá a dáhùn "prẹ́sẹ́ǹtì". Wọ́n ní àwọn ò ní kọ òdo fún òkú àwọn láéláé. Àṣà tó dára ni, ó máa ń pa àwọn èèyàn lẹ́kún. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko, Zipporah kò débẹ̀. Ọdún kan oyún ni, ọdún kan ibà ni, ọdún kan wọ́n ní ọ̀gá àyẹ̀wò ń bọ̀ wá sí ilé-ìwé. Adépéjú, tó jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́, ló ń bá a dáhùn fún Àdíját.

Lọ́dún 1963, Adépéjú fúnra rẹ̀ wá sí Àgọ́-Ìwòyè. Kò tilẹ̀ tíì jókòó dáadáa.

"Zípò, ọdún kẹwàá nìyí. Ìwọ ni wọ́n yàn láti sọ̀rọ̀ lórúkọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́."

"Èmi kẹ̀? Péjú, ara mi kò..."

"Ara rẹ kò kí ni? Ṣé o fẹ́ sọ fún mi pé o ní èéyi lọ́jọ́ orí yìí ni? Gbogbo àìsàn ayé lo ti ṣe tán pátá, ó ku èyí tí wọn ò tíì fún lórúkọ." Adépéjú rẹ́rìn-ín, ó wá rọ ohùn sílẹ̀. "Ohun mìíràn tún wà. A ránṣẹ́ pe ìyá àwọn tó ti kú. Ìyá Àdíját ní òun ń bọ̀. Ó bi mí bóyá ìwọ náà máa wá. Mo ní o máa wá."

Láti ọjọ́ yẹn, tí Zipporah bá pe orúkọ tán láàárọ̀, ohùn ẹ̀yìn kíláàsì kò dáhùn lẹ́ẹ̀kan mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó gbé rẹ́jísítà fún tíṣà kíláàsì karùn-ún pé kó bá òun máa pè é. Ó dúró sí ìta lábẹ́ igi máńgòrò. Bó ṣe jìnnà tó yẹn, ó gbọ́ ọ.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ti fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àtíbàbà sí iwájú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n fi ẹfun kun gbogbo òkúta etí ọ̀nà. Obìnrin tó wọ bàtà gogoro pọ̀ ju ilẹ̀ tó lè gbà wọ́n lọ, iyẹ̀pẹ̀ ń gbé wọn ní gìgísẹ̀ mì, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ibi tí Zipporah ti ń wá ìjókòó ni ẹnì kan ti fà á láṣọ lẹ́yìn.

Obìnrin àgbà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi ìborùn funfun bo orí. Zipporah wo ojú rẹ̀. Ojú Àdíját ni, àfi pé ọjọ́ ti rìn lórí rẹ̀. Kò tíì pàdé ìyá Àdíját rí. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Dìde, ọmọ mi," ni Asimawu wí. Ìjẹ̀bú ló ń sọ, tó wúwo, irú èyí tí wọ́n ń sọ ní ìdí ẹrù obì. "Ìwọ ni Zípò, àbí? Àdíját máa ń sọ̀rọ̀ rẹ. Kì í ṣe torí ayẹyẹ yín ni mo ṣe wá. Ìbéèrè kan ni mo ní, ìwọ nìkan lo sì lè dá mi lóhùn."

"Mà."

"Ọkùnrin wo ni?"

Asimawu ṣì di aṣọ rẹ̀ mú.

"Mi ò ní bá a jà. Mo ti dàgbà. Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tí ọmọ mi kú lé lórí ni. Àwọn àgbà àdúgbò ní kí n má sunkún ọmọ tó bá ojú ọ̀nà àgbèrè lọ. Mi ò sunkún. Hàmídù tó fẹ́ fẹ́ ẹ kò tẹ̀ lé wa dé ibi tí a sin ín sí. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń bá òkú jà nínú ilé mi, tí mò ń bi í pé kí ló ṣe báyìí fún mi. Ẹ̀yin méjì lẹ jọ ń sùn. Kò lè ṣe kó má sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹ."

Agogo dún. Zipporah ní, "Ẹ jẹ́ ká parí, mà. Ẹ jẹ́ ká parí ná." Ó sá wọlé. Mo ní ó sá, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan ilẹ̀.

Ẹ̀yin náà ti lọ sí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Alága ọjọ́ sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó ní òun kò ní pẹ́. Ọ̀gá kan láti Ìbàdàn, láti ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́, tún sọ ohun tí alága ti sọ, ṣùgbọ́n ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó le sí i. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ orin kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìwé ètò ni gbogbo èèyàn fi ń fẹ́ ara wọn. Wọ́n wá pe Ìyáàfin Zipporah Olúsànyà.

Ó ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí kò kọ́ àwọn ní ìwé nìkan, ó kọ́ àwọn ní òtítọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ní tíṣà tí kò bá lè sọ òtítọ́, kò yẹ kó dúró níwájú ọmọ. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ọ̀gá Ìbàdàn mi orí. Ojú Zipporah lọ sí ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó rí Asimawu tó jókòó lóun nìkan lórí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn, tó ń wò ó láìṣẹ́jú. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òun nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ìtìjú gùn ún débi pé ó fo ojú ewé méjì, ó sì jókòó. Wọ́n rò pé ẹkún ló fẹ́ sun, wọ́n yìn ín.

Lẹ́yìn náà ni Míìsì Ọláfẹ́mi dìde. Irun rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n kò tíì yí padà. Ó ṣí rẹ́jísítà àtijọ́, ó dorí kodò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Kò gbójú sókè.

Wọ́n ń dáhùn. Àwọn obìnrin tó ti bímọ márùn-ún, mẹ́fà, ń dáhùn bí ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n pe Grace Àìná, ẹni tó kú síbi ìkúnlẹ̀ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Adépéjú tó bá a sun yàrá dìde, ó ní "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà," ohùn rẹ̀ já, àwọn èèyàn ń nu ojú. Ìyá Grace náà ń sunkún níbi tó jókòó sí, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dì í mú. Zipporah ń ka orúkọ tó kù kó tó kan Àdíját. Márùn-ún. Mẹ́rin. Òógùn ti rin bùbá rẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, kí òun dìde, kí òun sọ ọ́, kí òun jókòó. Lẹ́yìn náà òun á wá orúkọ ọkùnrin kan fún ìyá yìí, ọkùnrin tó ti kú, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Háà! Bó ṣe rò ó nìyẹn o, mi ò fi kún un.

"Àdíját Mùbàṣírù."

Zipporah dìde. Kó tó la ẹnu, ó gbọ́ ọ lẹ́bàá etí rẹ̀ gan-an, bí ẹni tó fi àgbọ̀n lé e léjìká: "Prẹ́sẹ́ǹtì, mà." Omi tutù kàn án lọ́rùn. Ìgbà yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ohùn Àdíját. Láti ọdún tó ti ń gbọ́ ọ yìí, ohùn tirẹ̀ ni, ohùn tó fi sín Àdíját jẹ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn, tòun ti ẹ̀rín tó fi parí rẹ̀. Àdíját kò dáhùn rí. Kò sí ẹni tó jẹ́ kó dáhùn.

Gbogbo gbọ̀ngàn ń retí rẹ̀. Míìsì Ọláfẹ́mi ti gbé pẹ́ẹ̀nì.

Zipporah ní, "Kò sí níbí, mà."

Míìsì Ọláfẹ́mi gbójú sókè.

"Kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, mà. Àárọ̀ Sátidé ló ti lọ. Lọ́rì pákó ló wọ̀, ó ń lọ wo ìyá ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, èmi ni mo dáhùn. Kò sí ọkùnrin kankan. Kò sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ẹ bi mí ní ọ́fíìsì, mo parọ́ fún yín." Yorùbá ló ń sọ báyìí, ó sì kọjú sí bẹ́ǹṣì ìkẹyìn. "Ẹ̀yin Ìyá Àdíját, kò tẹ̀ lé ọkùnrin kankan. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́."

Ẹnì kan ní "Jésù!" Ọ̀gá Ìbàdàn ń bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kí ló ṣẹlẹ̀. Adépéjú fi ọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n Asimawu ti dìde, ó ń bọ̀ wá síwájú láàárín àwọn àga, kò sáré, àwọn èèyàn ń fà sẹ́yìn fún un. Kò wo Zipporah. Ọ̀dọ̀ Míìsì Ọláfẹ́mi ló lọ.

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná."

"Ìwé yìí ni wọ́n fi bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Wọ́n ní inú ìwé ló wà, pé kí n má jiyàn. Mi ò mọ̀wé kà. Ẹ fi ibẹ̀ hàn mí."

Míìsì Ọláfẹ́mi ṣí ewé Sátidé náà, ó fi ìka sí iwájú orúkọ. Ìlà kékeré kan ni, tádàwà rẹ̀ ti ń ṣá. Asimawu tẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò sẹ́nu, ó tutọ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ìlà náà rẹ́. Ó ń ra á, ó ń ra á. Tádàwà kọ́kọ́ fẹ̀, ó dúdú, ìwé wá rọ̀, ó sì lu. Kò sí ẹni tó dá a dúró. Nígbà tó rí ihò náà, ó pa ìwé dé, ó sì gbé e fún ẹni tó ni ín.

Ó wá kọjú sí Zipporah. Zipporah ti kúnlẹ̀, gèlè rẹ̀ ti tú, ó ń retí èpè. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

Asimawu ní, "Mi ò ní ṣépè fún ẹ. Tí mo bá ṣépè, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, èmi ò sì tíì fẹ́ kó parí. Àwọn tó wà níbí, wọn ò mọ ọmọ mi ní panṣágà. Òrù ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Gbogbo ilé tí wọ́n ti sọ ọ́, wàá wọ̀ ọ́."

"Lónìí, mà?"

"Ọdún mẹ́wàá ò tíì tó ẹ ni?"

Wọ́n jáde. Kò sí ẹni tó sìn wọ́n. Lẹ́yìn wọn, alága ọjọ́ ń wá ohun tí yóò sọ, orin kò sì wá sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n wọ ọkọ̀ ní ẹ̀bá ọjà. Zipporah jókòó ti obìnrin náà láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Òrù, èjìká wọn ń kan ara wọn ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti gbun. Ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ lọ́kàn: ohun tó máa sọ fún Hàmídù, ohun tó máa sọ fún àwọn àgbà àdúgbò, fún àwọn obìnrin olóbì. Ó rò pé ilé Hàmídù ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé.

Wọ́n sọ̀kalẹ̀, Asimawu ṣíwájú, wọ́n kọjá mọ́ṣáláṣí, wọ́n kọjá ilé mẹ́ta tí èèyàn jókòó sí iwájú wọn tí wọ́n ń kí i. Kò yà síbẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé kékeré kan tí òórùn obì kún inú rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ká ìborùn kúrò lórí.

Zipporah wò yíká. Kò sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. "Mà, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún níbí?"

"Ibí ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ́," ni Asimawu wí. "Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kí ará àdúgbò kankan tó la ẹnu, èmi ni mo dúró lórí òkú ọmọ mi, tí mo pè é ní aṣẹ́wó. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. "Sọ ọ́ fún mi bíi pé mi ò tíì gbọ́. Sọ gbogbo rẹ̀, kí n lè sunkún ọmọ mi."

Zipporah kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ lásán.

"Àárọ̀ Sátidé ni, mà," ó ní. "Ó ti kí ìrun tán."